Kẹ́ẹ̀gì Epo Inú Gáréèjì Uncle Ráúfù

Èéfín ni mo fi ń jẹun ní Amẹ́ríkà. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún màmá mi nìyẹn, torí pé àlàyé yòókù kì í wọ̀ wọ́n létí. "Mo ń yẹ èéfín mọ́tò wò, Màmá. Bó bá dáa, mo fún wọn níwèé. Bí kò bá dáa, mo ní kí wọ́n lọ tún un ṣe." Màmá mi, tí wọ́n ti ń ránṣọ ní Ẹdẹ láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi, á bú sẹ́rìn-ín lórí fóònù. "Jẹnẹrétọ̀ Bàbá Wàsíù tó ń tú èéfín sí mi nímú láti àárọ̀ ńkọ́? Ṣé wọn ò lè sanwó tèmi náà ni?"

Mi ò bá wọn jiyàn. Ní àwọn àgbègbè tó yí Atlanta ká, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ọdọọdún ni mọ́tò ń wá jẹ́rìí ara rẹ̀ kí ìjọba tó sọ ìwé rẹ̀ dọ̀tun. A kì í fi imú gbóòórùn o. Ọkọ̀ á wọlé, màá ki wáyà bọ abẹ́ síárìn rẹ̀, kọ̀ǹpútà tèmi á bá kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sọ̀rọ̀, yóò sì tú gbogbo àṣírí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. Bí iná check engine bá ti ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ọkọ̀ náà já nìyẹn, kò yege, kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀.

Kí n tó dé ìdí iṣẹ́ yìí, ojú mi rí nǹkan. Tísà kẹ́mísìrì ni mí nílé, tí gbogbo àdúgbò ń kí, tí àwọn ọmọ iléèwé ń sá fún. Àárọ̀ àkọ́kọ́ mi ní Redan, lẹ́bàá Atlanta, mo jáde síwájú ilé, mi ò rí ẹyọ ènìyàn kan. Ilé rèé, ilé rèé, koríko tí wọ́n gé pẹrẹsẹ, mọ́tò níwájú ilé gbogbo, kò sí ohùn. Mo rí ọkùnrin kan tó ń mú ajá rìn, mo kí i tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì ń bá fóònù rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Mo padà wọlé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì sunkún bí ọmọdé. Ta ni mo ṣẹ̀?

Ilé Uncle Ráúfù ni mo dé sí. A kì í ṣe ẹbí. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni wọ́n, ará Ọ̀fà, wọ́n ti pẹ́ níbí ju bí mo ṣe lè rántí lọ. Àwọn àti ìyàwó wọn, Aunty Sìdí, fún mi ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé, wọn ò bi mí pé ìgbà wo ni màá kúrò. Iṣẹ́ Uncle ni pé wọ́n ń fi mọ́tò ara wọn gbé àwọn arúgbó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bí ọjọ́ Jímọ̀ bá pé, mọ́tò kan náà ni wọ́n fi ń kó àwọn àgbà lọ sí mọ́sáláṣí.

Àwọn ló kọ́kọ́ mú mi lọ sí ilé epo. Mo dúró ti pọ́ọ̀ǹpù, mò ń retí ẹni tó máa wá tà á. Mo dúró títí, mo ń wò yíká.

"Tísà," Uncle pariwo látinú mọ́tò, "ta lò ń retí?"

"Ẹni tó ń ta epo, sà."

"Ìwọ náà ni! Gbé e kí o rọ ọ́!"

Ẹ̀rín pa wọ́n débi pé wọ́n ń gbá síárìn. Mo gbé ọwọ́ pọ́ọ̀ǹpù náà tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù, ìgbà náà ni mo rí ìwé pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀: ó ní ọtí ethanol wà nínú epo yìí. Inú mi dùn bí ẹni tó rí ará ìlú rẹ̀ lókèèrè. Ethanol! Ohun tí mo fi ẹfun kọ sára pátákó títí ọwọ́ mi fi funfun nìyí, wọ́n dà á sínú epo níhìn-ín, gbogbo ayé sì ń rọ ọ́ láìbìkítà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún Uncle. Wọ́n ní, "Tísà, kó ṣáà ti gbé mọ́tò lọ."

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ mi ni wíwẹ àwọn arúgbó nílé wọn. Iṣẹ́ tó dáa ni, àmọ́ ẹ̀yìn mi kò gbà á. Nígbà tí mo gbọ́ pé ẹnikẹ́ni lè kọ́ iṣẹ́ yíyẹ èéfín wò, mo forúkọ sílẹ̀. Mo ka ìwé náà ní bàsì, mo kà á nílé ìdáná. Ọjọ́ tí mo gba láìsẹ́ǹsì tó ní àwòrán mi lára, mo jókòó sínú mọ́tò àlòkù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, mo wo ojú ara mi lórí káàdì yẹn, mo sì ké "Alhamdulillahi!" débi pé obìnrin tó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bojú wo inú ọkọ̀ bóyá nǹkan ń ṣe mí. Nǹkan kan ò ṣe mí. Inú mi ló ń dùn.

Wọ́n gbà mí síṣẹ́ ní Lawrenceville, mo sì gba yàrá tèmi nítòsí ibẹ̀. Ọ̀gá wa, adúláwọ̀ ọmọ ilẹ̀ yìí, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá rí ọkọ̀ tó ń ṣe kántankàntan, èmi ló máa ń pè. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, mi ò purọ́. Gbogbo ọkọ̀ ló ní ìtàn. Ẹni tó rọ epo olówó pọ́ọ́kú tí ọtí pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí wọ́n ṣe fún àwọn ọkọ̀ mìíràn, kọ̀ǹpútà á tú u fó. Ẹni tí kò pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì rí, kọ̀ǹpútà á sọ ọ́. Èmi náà á wá gbé ojú tísà wọ̀, màá ṣàlàyé fún wọn.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé kò sẹ́ni tó mọ̀ mí. Mò ń rí ènìyàn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀wù iṣẹ́ tí mo wọ̀ nìkan ni wọ́n ń rí. Bí mo bá ní ọkọ̀ wọn já, wọ́n á bú ìjọba, wọ́n á máa lọ. Wọn kì í tilẹ̀ bínú sí èmi gan-an.

Àfi òwúrọ̀ ọjọ́ tí Uncle Ráúfù wá.

Mo gbọ́ mọ́tò wọn kí n tó rí i. Ó ń wúkọ́. Ó ń ta gìrì, ó ń fẹ́ kú, ó tún ń jí. Mo rẹ́rìn-ín, mo sáré lọ kí wọn, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìgbà tí mo dìde ni mo rí iná check engine, ó ń tàn yòò bí ojú ológbò.

"Tísà, ṣe é kíá fún mi. Àwọn èèyàn mi ń dúró."

"Uncle, iná yìí ń tàn, sà."

"Mo rí i. Ó ti ń tàn tipẹ́. Mọ́tò ń rìn."

"Kò lè yege báyìí, sà."

Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọjọ́ ìbí mi ti dé tán, ìwé ọkọ̀ máa parí lọ́jọ́ náà. Bí ìwé bá parí, wọn ò ní jẹ́ kí n gbé ẹnikẹ́ni lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́, wọ́n á gbé iṣẹ́ mi fún ẹlòmíì. Ki wáyà yẹn bọ mọ́tò tìrẹ, kí o tẹ nọ́ńbà tèmi. Mo gbọ́ pé wọ́n ń ṣe é."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ta ló kọ́ yín nìyẹn?" Mo fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀, ẹ̀fẹ̀ náà ò jáde dáadáa. "Uncle, wọ́n á gba láìsẹ́ǹsì mi. Wọ́n lè gbé mi lọ sí kóòtù, kóòtù ọ̀hún kò sì jìnnà, ìsàlẹ̀ ọ̀nà yìí náà ló wà."

Wọ́n wá wò mí lójú. "Mo gbà ọ́ sílé, Tísà."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi nínú ju ọ̀bẹ lọ, torí òótọ́ ni. Mo ki wáyà bọ ọkọ̀ wọn, ọkọ̀ wọn gan-an, mo sì tẹ gbogbo ohun tó yẹ kí n tẹ̀. Ìwé jáde: ó já. Mo kúnlẹ̀ lórí kọnkéré, mo fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé náà sí wọn. Obìnrin òyìnbó tó tẹ̀ lé wọn lórí ìlà ń wò wá tìyanutìyanu. Uncle gba ìwé náà láìwò ó, wọ́n sì wa ọkọ̀ wọn lọ.

Mo pè wọ́n nírọ̀lẹ́, wọn ò gbé e. Mo pè lọ́jọ́ kejì, Aunty Sìdí ló gbé e, wọ́n ní, "Uncle ẹ ń sinmi." Sinmi wo? Mo ń gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn, wọ́n ń bá tẹlifíṣọ̀n jà. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ní mọ́sáláṣí, mo kí wọn, wọ́n dáhùn bí ìgbà tí wọ́n bá ń dá agbowó-orí lóhùn.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí nínú yàrá mi. Inú ń bí mi, mi ò ní tàn yín. Ṣé kí n pàdánù iṣẹ́ mi ni? Ṣùgbọ́n bí inú ṣe ń bí mi, mo rí nǹkan kan tí mi ò rí tẹ́lẹ̀. Ní gbogbo Georgia yìí, ẹni kan ṣoṣo ló lè bínú sí mi. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́ kò lè bá ọ bínú. Bí Uncle bá kọ̀ mí, àjèjì ni mí nìyẹn, pẹ̀lú láìsẹ́ǹsì mi àti yàrá mi. Ojú lọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe orí fóònù. Lọ́jọ́ Sunday, mo sọdá sí Redan.

Aunty Sìdí ṣílẹ̀kùn, wọ́n fi ojú tọ́ka gáréèjì. "Ó wà lọ́hùn-ún. Rọra o."

Uncle ń rọ epo sínú mọ́tò. Kì í ṣe láti ilé epo o! Láti inú kẹ́ẹ̀gì. Mo wo ẹ̀yìn wọn, kẹ́ẹ̀gì tò lọ bẹẹrẹ lára ògiri, òmíràn lómọrí, òmíràn ò ní, ọ̀rá ni wọ́n fi so ó lẹ́nu. Inú gáréèjì náà sì móoru bí ilé ìdáná.

"Uncle! Kí ni gbogbo èyí, sà?"

"Epo ni. O ò mọ epo mọ́?"

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí wọ́n ní ìjì ńlá kan ń bọ̀, tí èrò tò gbọọrọ sílé epo. Èyí tó bá pẹ́ jù ni mo ń kọ́kọ́ lò, mo sì ń ra tuntun rọ́pò rẹ̀. Ilé epo tó ń tà lónìí, ta ló mọ̀ bóyá á tà lọ́la?"

Ẹnu mi ò lè pa dé. Ní Atlanta! Níbi tí ilé epo wà ní gbogbo ìkóríta! Ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tó ń ṣe mọ́tò. Mo bẹ Aunty Sìdí fún ìgò funfun kan, mo bu epo látinú kẹ́ẹ̀gì tó ní ọ̀rá lẹ́nu, mo gbé ìgò náà sórí pèpéle. Aunty gbé ìrẹsì wá, a jẹun. Nígbà tí a padà dé ìdí ìgò, epo ti pín sí méjì. Èyí tó wà lókè mọ́ rekete, èyí tó wà nísàlẹ̀ rú bí omi ẹ̀kọ.

Uncle fò sókè. "Olè! Wọ́n bu omi sí i tà fún mi! Àwọn òyìnbó náà ń ṣe é?"

"Ẹ fara balẹ̀, sà. Kò sẹ́ni tó bu omi sí i. Ọtí inú rẹ̀ ló fa omi mu."

"Ọtí wo?"

"Epo ibí yìí ní ọtí nínú, Uncle. Ọtí àgbàdo. Mo sọ fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

Uncle fi ọwọ́ lé àyà. "Astagfirullahi! Ọtí? Mọ́tò tí mo fi ń gbé àwọn àgbà lọ kírun?"

Aunty Sìdí ti jókòó sílẹ̀, ẹ̀rín ti gba gbogbo ara wọn. "Bàbá Alàájì! Látọjọ́ yìí, ọtí lẹ fi ń gbé Lémọ́ọ̀mù!"

"Dákẹ́ o, Sìdí! Ẹ̀rín kọ́ lèyí!" Wọ́n fa fóònù yọ, wọ́n pe Lémọ́ọ̀mù lójú ẹsẹ̀. A gbọ́ tí Lémọ́ọ̀mù náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Alàájì, ṣé ẹ̀yin ni ẹ mu ún ni, àbí mọ́tò?"

Ìyẹn ló tú ojú Uncle ká. Wọ́n jókòó tì mí, mo sì ṣàlàyé bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé nílé ẹ̀kọ́. Ọtí yẹn wúlò, mo ní. Ó ń jẹ́ kí epo jó dáadáa, kí májèlé inú èéfín dín kù, kí ẹ́ńjìnnì má máa dún kọ́kọ́kọ́. Òótọ́ ni pé kì í gbé ọkọ̀ jìnnà tó ògidì epo. Ṣùgbọ́n ọtí fẹ́ràn omi. Bí kẹ́ẹ̀gì bá la ẹnu sílẹ̀ nínú ooru Georgia, ọtí á máa fa omi inú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí omi yẹn bá pọ̀ tó, òun àti ọtí á kọ epo sílẹ̀, wọ́n á wọlẹ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ táńkì sì ni ẹ́ńjìnnì ti ń fa epo. "Omi àti ọtí ló ń mu, Uncle. Ìdí tó fi ń wúkọ́ nìyẹn. Epo tí kò sì jó tán ń bá èéfín jáde, òun ló tan iná yẹn."

Wọ́n wo kẹ́ẹ̀gì wọn títí. Wọ́n wá ní, láìwo ojú mi, "Èkó ni mo wà nígbà tí bàbá mi kú l'Ọ́fà. Àárọ̀ ni wọ́n pè mí. O mọ tiwa, a kì í fi òkú sùn. Mo ní mọ́tò, mi ò ní epo. Ọ̀wọ́n epo wà, gbogbo ilé epo ti ilẹ̀kùn, èyí tó ṣí, ìlà rẹ̀ kò lópin. Mo tò, mo tò, mo sunkún lórí ìlà. Nígbà tí mo máa fi dé Ọ̀fà, wọ́n ti bo sàréè. Mi ò da yẹ̀pẹ̀ kankan sí i." Wọ́n fi ẹsẹ̀ kan kẹ́ẹ̀gì kan. "Látìgbà náà, mi ò jẹ́ kí epo tán mọ́."

Màmá mi ló wá sí mi lọ́kàn, àwọn àti ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ní Ẹdẹ. Bí ẹnì kan bá pè mí láàárọ̀ pé wọ́n ṣaláìsí, kò sí kẹ́ẹ̀gì tó lè gbé mi dé ibẹ̀ kí wọ́n tó kírun sí wọn lára. Gbogbo àwa tí a wà níbí la mọ̀ ọ́n, a kì í sọ ọ́. Omijé bọ́ lójú mi, Uncle rí i, wọ́n sì fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́ bíi ti bàbá mi. Wọ́n ní, "Ó tó, Tísà. Ẹkún ò tíì kàn ọ́."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mẹkáníìkì fa táńkì gbẹ, ó pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì, a sì kó àwọn kẹ́ẹ̀gì lọ síbi tí wọ́n ti ń gba epo tó ti bàjẹ́. Uncle dúró wò bí a ṣe ń kó wọn lọ. Mo ní kí wọ́n máa wa ọkọ̀ náà kiri fún ọjọ́ díẹ̀, kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí mẹkáníìkì nu mọ́ lè tún kọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ ìbí wọn ti kù fẹ́ẹ́rẹ́. Ọkàn mi ò balẹ̀. Bí ọkọ̀ yìí bá tún já, kí ni mo fẹ́ sọ?

Wọ́n dé láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìbí náà. Mi ò gbọ́ ikọ́ kankan. Ọ̀nà tèmi kún fún ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ti ọ̀gá mi sì ṣófo. Ọ̀gá juwọ́ sí Uncle pé kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Uncle mi orí, wọ́n jókòó sórí ìlà tèmi. Mo sáré lọ bá wọn.

"Uncle, ẹ lọ sọ́hùn-ún, sà. Kò sí èrò níbẹ̀."

"Rárá o. Ẹni tó ní mo já ni mo fẹ́ kó sọ pé mo yege. Bí ẹlòmíì bá sọ ọ́, màá máa rò ó pé bóyá ó ṣàánú mi ni. Ìwọ ò mọ ojú àánú." Wọ́n sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àtijọ́ yẹn.

Wọ́n tò títí ó fi kàn wọ́n. Mo ki wáyà bọ̀ ọ́. Kọ̀ǹpútà ronú, ó ronú, ìwé jáde. Ó yege. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n kà á, wọ́n kà á dé ìsàlẹ̀, wọ́n ká a sínú àpò àyà agbádá wọn, wọ́n sì ṣàdúrà fún mi níbẹ̀ títí ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn fi fun fèrè.

Bí mo ṣe fẹ́ ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún wọn ni ojú mi bọ́ sí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọwọ́ tó ń sọ iye epo ti wálẹ̀ dé ibi pupa.

"Uncle, epo yín ti fẹ́ tán o!"

"Mo rí i," wọ́n ní, wọ́n sì ṣíná sí ọkọ̀. "Ilé epo pọ̀ lójú ọ̀nà."